Díráìfù Tí Kò Fọhùn

Iwájú àwọn ọ̀gá ni díráìfù náà ti dójú ti Débọ̀. Ká ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Múṣin ló ti ṣẹlẹ̀ ni, ì bá bú u ní èébú tó tọ́ sí i, kó sì tún gbìyànjú. Ṣùgbọ́n inú yàrá ìkàwé kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Yábàá ni, níwájú obìnrin tó ń bójú tó ibẹ̀ àti àwọn olùkọ́ méjì tó pè wá wòran. Débọ̀ ki wáyà díráìfù tó kó iṣẹ́ pa mọ́ sí bọ kọ̀ǹpútà wọn. Kọ̀ǹpútà dún tín-ín, bí ìgbà tó mọ̀ pé àlejò kan ilẹ̀kùn, ó sì dákẹ́. Kò sí ohun tó yọjú.

"Ẹ má ṣèyọnu, ẹ jẹ́ ká ní sùúrù fún un," ni obìnrin náà wí.

Wọ́n ní sùúrù. Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ náà bá a ṣí ibi tí kọ̀ǹpútà ti máa ń to àwọn díráìfù jọ. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní orúkọ, kò ní ìwọ̀n. Àkọlé kékeré kan sì fò yọ, ó ń béèrè bóyá kí òun "initialize" rẹ̀, ìyẹn kí òun múra inú rẹ̀ sílẹ̀, bí ẹni pé àárọ̀ ọjọ́ náà ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á lọ́jà, tí ẹnikẹ́ni kò tíì kó nǹkan kan sínú rẹ̀ rí.

Ohun tó wà nínú díráìfù yẹn, kò sí níbòmíràn láyé.

Iṣẹ́ ọwọ́ bàbá rẹ̀ ni. Bàbá náà, tí ìyàwó rẹ̀ máa ń fi oríkì pè ní Àkàngbé, ló ń fi abẹ́rẹ́ kó iṣẹ́ sára agbádá láti ìgbà tó ti wà ní Ọ̀yọ́ títí tó fi kó wá sí Èkó. Kì í ya àwòrán sórí bébà. Orí rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà, ìka rẹ̀ ló sì ń mú un jáde: Ìgbín-ń-gùn-gi, tí í ká, tí í ká, tí kì í pàdé ara rẹ̀, Ẹsẹ̀-Adìyẹ, ti ọrùn, Omi-ń-ṣàn, tí kì í ṣe sára ohun mìíràn ju àpò agbádá lọ. Nígbà tí ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì, tí dókítà sì sọ pé èyí tó ti lọ kò ní padà, Débọ̀ ti ra ẹ̀rọ mónógíráàmù, èyí tí kọ̀ǹpútà ń darí abẹ́rẹ́ rẹ̀. Ni bàbá àti ọmọ bá jókòó ti ara wọn. Wọ́n á yá agbádá àtijọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, bàbá á fi ìka tọ òwú náà lọ, á ní, "Ó yà sósì níbí. Rárá, o ti sáré jù. Padà." Débọ̀ á padà, á sì tún un fà lójú kọ̀ǹpútà.

Wọ́n ṣe é lásìkò òjò, nígbà tí omi wọ ṣọ́ọ̀bù débi tí wọ́n gbé kọ̀ǹpútà sórí tábìlì, tí wọ́n gbé tábìlì sórí àpótí, tí Débọ̀ sì ń ṣiṣẹ́ lórí ìdúró. Wọ́n ṣe é lásìkò tí epo jẹnẹrétọ̀ wọ́n, tí iná ìjọba ń dé bí ẹni ń jí nǹkan. Ìgbà tí wọ́n fi parí rẹ̀, bàbá kò ríran mọ́ rárá, ìka rẹ̀ sì ti ń gbọ̀n. Àwọn agbádá náà ńkọ́? Àwọn kan ti gbó. Àwọn kan ti tẹ̀lé olówó wọn wọ sàárè.

Lẹ́yìn náà, iná dé lọ́jọ́ kan pẹ̀lú agbára, ó jó kọ̀ǹpútà. Fóònù tí Débọ̀ da iṣẹ́ náà kọ sí, wọ́n yọ ọ́ lápò rẹ̀ ní Ọ̀yìngbò. Díráìfù inú kọ̀ǹpútà tó jó yẹn nìkan ló yè, pẹlẹbẹ báyìí, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, èyí tí àwọn ọmọ Yábàá ń pè ní SSD. Débọ̀ yọ ọ́, ó ra kéèsì tuntun fún un, èyí tí wọ́n máa ń kì í bọ̀ kó tó lè bá kọ̀ǹpútà mìíràn sọ̀rọ̀. Nígbà tí kọ́lẹ́ẹ̀jì sì gbọ́ nípa iṣẹ́ náà, tí wọ́n ní àwọn fẹ́ dà á kọ sí ọ̀dọ̀ àwọn kó má baà parun, inú rẹ̀ dùn bí ẹni tí wọ́n fẹ́ bá sọ ẹrù kalẹ̀. Ọjọ́ tí wọn ì bá dà á kọ gan-an ni díráìfù ya odi.

"Ẹ lọ tún un yẹ̀ wò," ni obìnrin náà sọ. "A ò kánjú."

Débọ̀ dúpẹ́. Ó ká wáyà rẹ̀, ó sì jáde.

Nígbà tó dé Múṣin, Yẹ̀kínnì, télọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kan tirẹ̀, ti rí i lójú rẹ̀ pé nǹkan ti ṣe díráìfù náà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ rì í sínú ìrẹsì."

"Kò bọ́ sómi, Yẹ̀kínnì."

"Ìrẹsì kì í béèrè bóyá nǹkan bọ́ sómi. Ẹ ṣáà rì í. Fóònù ìyàwó mi, ìrẹsì ló jí i."

"Fóònù ìyàwó ẹ tí kò gba ìpè?"

"Ó ń fi iná hàn, ṣé kò ń fi iná hàn ni?" Yẹ̀kínnì gbé àga tì í. "Ó dáa, kí ni kọ̀ǹpútà wá sọ?"

Débọ̀ fi àkọlé náà hàn án lójú láàpútọ́ọ̀pù tó yá lò.

"Òun náà ló ń béèrè yìí! Ẹ tẹ OK jàre. Ohun tí nǹkan bá fi ẹnu ara rẹ̀ béèrè, òun ló máa wò ó sàn."

Ẹni tí omi ń gbé lọ kì í ṣa igi tí yóò dì mú. Débọ̀ tẹ̀ ẹ́. Kọ̀ǹpútà ró díẹ̀, ó ní òun kò lè ṣe é. Ó tún un tẹ̀. Ó tún kọ̀. Yẹ̀kínnì náà bá a tẹ̀ ẹ́, pẹ̀lú ìka tó tóbi ju ti Débọ̀ lọ, bí ẹni pé agbára ló kù. Ó kọ̀ pátápátá.

Nílé, bàbá rẹ̀ ń retí rẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé, níbi tó máa ń jókòó sí kí atẹ́gùn lè kàn án lójú.

"Ṣé wọ́n ti dà á kọ?"

"Ó ku díẹ̀, Bàbá."

"Hẹn." Bàbá yí orí sí ibi tí ohùn náà ti wá. "Ẹni tí ọ̀rọ̀ ku díẹ̀ fún kì í sọ̀rọ̀ lábẹ́ ọ̀fun báyìí. Kí ló ṣe é?"

Débọ̀ sọ fún un. Bàbá kò pariwo. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sókè, ó nà án síwájú, àwọn ìka náà ń gbọ̀n bí ewé. Ó tún gbé e sọ̀ kalẹ̀ sórí itan.

"Àwọn yìí kò lè sọ ọ́ mọ́," ló wí. "Ohun tí mo rántí, o ti gbà á lọ́wọ́ mi. Ìwọ lo kó o dání."

Oúnjẹ tí ìyá Débọ̀ gbé kalẹ̀ tutù síbẹ̀. Ìyá náà, tí ọkọ rẹ̀ ń pè ní Àrìnpé, ló wá kó o kúrò láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Nígbà tó rí i pé ọmọ òun ń múra, òun náà wé gèlè, ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ apá.

"Mà á bá ẹ lọ."

"Màmi, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ni mò ń lọ o."

"Mo ní ọ̀dọ̀ wọn ni mò ń bá ẹ lọ. Ṣé wọ́n ń gba ìwé ẹ̀rí lẹ́nu ọ̀nà ni?"

Ẹni tí Débọ̀ mú ọ̀rọ̀ náà lọ bá ni Azeezah, obìnrin kan tó ní ṣọ́ọ̀bù tóóró lórí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Yábàá. Wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́ pé kì í tú nǹkan oníbàárà kó tó gbọ́ ìtàn rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó fi àga kan fún ìyá, ó wá ní kí Débọ̀ máa rò ó. Nígbà tí Débọ̀ dé ibi ìmọ̀ràn Yẹ̀kínnì, Azeezah gbé ọwọ́ sókè.

"Ẹ dúró ná. Ẹ má sọ fún mi pé ẹ tẹ̀ ẹ́."

"Mo tẹ̀ ẹ́."

"Áà! Bọ̀dá!"

"Ṣùgbọ́n ó kọ̀."

"Ọlọ́run ló bá yín kọ̀ ọ́." Ó mí kanlẹ̀. "Ẹ gbọ́, díráìfù tuntun la máa ń ṣe ìyẹn fún. Ilẹ̀ tí a ò tíì dá ni. Èyí tó bá ní ẹrù nínú, a kì í fọwọ́ kàn án. Ṣé ẹ máa lọ tún ebè kọ sórí oko tí iṣu ti ta sí? Bí díráìfù tẹ́ ẹ mọ̀ pé ó kún bá sọ fún yín pé òun ṣófo, kì í ṣe pé ó ṣófo. Kò gbọ́ yín ni, tàbí ẹ̀yin lẹ ò gbọ́ ọ. Ẹ kọ́kọ́ wá ohun tó dí etí."

Ó yọ díráìfù nínú kéèsì Débọ̀, ó kì í bọ ti ara rẹ̀, ó fi wáyà mìíràn so ó mọ́ kọ̀ǹpútà. Tín-ín. Àkọlé kan náà ló yọ. Ó gbé e lọ sí kọ̀ǹpútà kejì. Àkọlé kan náà ni. Ó tún yọ ọ́, ó gbé awò ńlá sójú, ó wo ibi tí àwọn irin tín-ín-rín aláwọ̀ wúrà tò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, níbi tí díráìfù ti máa ń bá kéèsì fẹnu kora.

"Kò dípẹtà. Kò kán. Ó ń dán bí tuntun."

Ó gbé awò náà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ohùn rẹ̀ sì yí padà.

"Bọ̀dá, bí ẹnu rẹ̀ bá mọ́ báyìí, tí kò sì dáhùn, á jẹ́ pé ọpọlọ inú rẹ̀ ló ní ìṣòro. Bó bá sì jẹ́ òun..."

Débọ̀ ń wo ilẹ̀. Ó ń gbìyànjú láti fi ọkàn ya Ìgbín-ń-gùn-gi: ó bẹ̀rẹ̀ láti àárín, ó ká a lẹ́ẹ̀kan, ó ká a lẹ́ẹ̀kejì, ó dé ibi tó ti yẹ kí òwú yà bọ́ sábẹ́ ara rẹ̀, ibẹ̀ ló ti pòórá mọ́ ọn lójú. Òun tí bàbá gbé e fún. Gbogbo àkókò tí wọ́n ń kó o jọ, ìka bàbá ló ń rántí, kì í ṣe òun.

Ìyá rẹ̀ dìde. Ó ṣí báàgì, ó mú ìgò kékeré kan jáde, ó sì ń tú ìdérí rẹ̀.

"Ọmọ mi, gbé e súnmọ́ mi. Jẹ́ kí n fi òróró kàn án bí mo ti ṣe lọ́jọ́sí. Ó lè jẹ́ pé èyí tí mo fi sí i kò tó."

Azeezah tó ti ń na díráìfù náà sí i fà á padà.

"Lọ́jọ́sí wo, Mà?"

"Lọ́jọ́ tó ń lọ rí àwọn ọ̀gá ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ó ti ra aṣọ tuntun fún un, ṣùgbọ́n kò tíì wọ̀ ọ́ fún un. Ìhòòhò ló wà lórí tábìlì. Mo fi òróró kàn án níwájú orí, mo wá fi kàn án lẹ́nu dáadáa, mo ní yóò sọ̀rọ̀ rere níwájú àwọn àgbà, ahọ́n rẹ̀ kò ní lọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe fún Débọ̀ fúnra rẹ̀ nígbà tó ń lọ dáhùn ìbéèrè fún iṣẹ́ àkọ́kọ́. Ṣé wọn ò gbà á ni?"

"Ẹnu wo, Mà?" Ohùn Azeezah ti rọlẹ̀ pátápátá. "Ibo lẹ rí tẹ́ ẹ pè lẹ́nu?"

"Ibi tí eyín wà ńkọ́! Gbogbo eyín wúrà tó tò síbẹ̀ yẹn. Ìwọ tó o ní ṣọ́ọ̀bù, o ò mọ ẹnu ẹ̀?"

Azeezah gbá etí tábìlì mú, ẹ̀rín sì gbé e débi tí híjáàbù rẹ̀ fi yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ó ń dán! Mo ní ó ń dán bí tuntun! Òróró ló ń dán lójú mi! Màmá, mo ti kì í bọ kéèsì tèmi náà. Ẹ ti ya kéèsì ọmọ Mùsùlùmí sí mímọ́ láìgba àṣẹ!"

"Kò ní pa á lára," ni ìyá wí, ìgò ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Débọ̀ kò tíì lè rẹ́rìn-ín. Ó ń wo òwú tí Azeezah fi sípíríìtì rin. Ó fi nu eyín wúrà náà, ó rọra ń nù ún láti òkè wá sísàlẹ̀. Nígbà tó gbé òwú náà sókè, kò funfun mọ́. Òróró ti po mọ́ eruku, ó sì ti gbá fọ́nrán òwú ìránṣọ mọ́ra, pupa àti búlúù, irú èyí tó máa ń fò káàkiri ṣọ́ọ̀bù mónógíráàmù bí ẹ̀fọn.

"Ẹ wò ó. Òróró nìkan ì bá ṣe díẹ̀. Òróró àti òwú wá di àlẹ̀mọ́." Ó mú òwú mìíràn. "Iná ń kọjá, ni kọ̀ǹpútà ṣe mọ̀ pé ẹnì kan dé. Ọ̀rọ̀ ni kò rí ọ̀nà gbà."

Ó nu díráìfù, ó nu inú kéèsì méjèèjì pẹ̀lú búrọ́ṣì kékeré. Ìyá ń wò ó bí ẹni tí wọ́n ń bá fọ ọmọ rẹ̀ nù jù.

"Ṣé o ò ní jẹ́ kó ṣẹ́kù díẹ̀ níwájú orí?"

"Iwájú orí, mo fi í sílẹ̀ fún yín, Mà. Ẹnu nìkan ni mo gbà."

Wọ́n dúró kó gbẹ. Azeezah kì í bọ kéèsì, ó sì na wáyà sí Débọ̀ kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ so ó. Débọ̀ so ó.

Tín-ín.

Àkọlé náà kò yọ. Ohun tó yọ ni orúkọ díráìfù, àti ìwọ̀n rẹ̀, lẹ́yìn náà àwọn àpò tí Débọ̀ fúnra rẹ̀ ti fún lórúkọ: ÌGBÍN. ẸSẸ̀ ADÌYẸ. OMI. Ó ṣí àkọ́kọ́. Ìgbín-ń-gùn-gi bẹ̀rẹ̀ láti àárín, ó ká, ó ká, ó dé ibi tí òwú ti yà bọ́ sábẹ́ ara rẹ̀, ó sì kọjá lọ.

Débọ̀ wá jókòó. Kò wo ẹ̀yìn bóyá àga wà níbẹ̀, orí páálí kan ló jókòó sí, páálí náà sì tẹ̀. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bo ojú. Nígbà tó ṣí i, ẹ̀rín tó ti há sí i láyà láti ẹ̀ẹ̀kan jáde, ó sì rín in títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ẹ dìde kúrò lórí ọjà mi," ni Azeezah wí. "A kì í yọ̀ kí á tó da nǹkan kọ. Ẹ mú díráìfù mìíràn wá."

Wọ́n dà á kọ sórí díráìfù tuntun kan, wọ́n tún fi ọ̀kan sí orí kọ̀ǹpútà Azeezah títí Débọ̀ yóò fi ní kó yọ ọ́. Bó ṣe ń lọ lójú kọ̀ǹpútà ni Débọ̀ ń mí.

"Màmi," ló wí níkẹyìn, "òróró yín ló dí i lẹ́nu o."

Ìyá rẹ̀ tún gèlè rẹ̀ ṣe.

"Ó dí i lẹ́nu, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìwọ àti Yẹ̀kínnì ń tẹ ohun tí kò yẹ kẹ́ ẹ tẹ̀, tí ọmọbìnrin yìí ní ẹ ń kọ ebè sórí iṣu, ta ni kò jẹ́ kí ọkọ́ wọlẹ̀?"

Débọ̀ wo Azeezah. Azeezah wo kọ̀ǹpútà.

"Ẹ má wò mí," ló wí. "Bí àṣẹ yẹn bá ráyè wọlé sínú ẹ̀, inú eérú là bá máa wá nǹkan báyìí. Mi ò lè bá Màmá jiyàn."

"O ṣeun, ọmọ mi," ni ìyá wí, ó sì dé ìgò rẹ̀.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì ni wọ́n gbà lọ láti ibẹ̀. Obìnrin yàrá ìkàwé fi ọwọ́ ara rẹ̀ da gbogbo rẹ̀ kọ, ó sì fi ibi tó wà han ìyá Débọ̀. Ìyá yìn ín, ó gbàdúrà fún un láti ọ̀ọ́kán. Débọ̀ rí i pé báàgì rẹ̀ wà ní títì, ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Kò kọjá sílé. Ó ya ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú ìyá rẹ̀, ó mú àgékù aṣọ kan, ó gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ, ó sì ní kí ẹ̀rọ kó Ìgbín sí i lára. Yẹ̀kínnì yọ orí sí i.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ìrẹsì náà ló ṣiṣẹ́?"

"Lọ jẹ ẹ́, Yẹ̀kínnì."

Bàbá ṣì wà lẹ́bàá fèrèsé. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ wọn, ó gbọ́ bí ìyàwó rẹ̀ ti ń rẹ́rìn-ín láti ẹnu ọ̀nà, ó sì na ọwọ́. Débọ̀ gbé aṣọ náà lé e lọ́wọ́, ó sì ròyìn bó ṣe jẹ́.

Bàbá ń gbọ́, ìka rẹ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀ láti àárín, ó ń ká bọ̀. Ìka náà ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n kò ṣìnà. Nígbà tí Débọ̀ dé ibi òróró lẹ́nu, bàbá dúró.

"Àrìnpé."

"Àkàngbé mi."

"Láti òní lọ, ohunkóhun tó bá ní eyín wúrà nínú ilé yìí, gbàdúrà sí i látòkèèrè."

"Mo ti gbọ́."

Ìka tún ń lọ. Ó dé ibi kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó padà sẹ́yìn, ó tún un fọwọ́ kàn.

"Débọ̀, kókó kan wà níbí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ó wà lára agbádá tẹ́ ẹ fi hàn mí."

"Òwú ló já mọ́ mi lọ́wọ́ níbẹ̀. Ẹni tó ń ta òwú ti ti ọjà, mo so ó pọ̀, mo ní ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀." Bàbá fi àtàǹpàkò tẹ kókó náà mọ́lẹ̀. Ẹ̀rín músẹ́ bẹ̀rẹ̀ létí ẹnu rẹ̀. "O kó àṣìṣe mi náà pa mọ́."

"Ṣé kí n yọ ọ́?"

"Kí lo fẹ́ yọ? Má fọwọ́ kàn án." Ó ká aṣọ náà, ó tẹ́ ẹ sórí itan, ó sì tún na ọwọ́. "Lọ ṣe Omi-ń-ṣàn wá. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá o gbọ́ mi dáadáa lọ́jọ́ tí òjò ń pariwo yẹn."